Olùkọ́ Tí Ilẹ̀ Mì Níṣojú Rẹ̀

Ògiri mì. Tíì inú kọ́ọ̀pù Hilary Sugden ta sókè, ó dà sórí ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì lọ́wọ́, àwòrán ilẹ̀ Ṣáínà tó lẹ̀ mọ́ ògiri sì já lápá kan. Lẹ́yìn náà ni ariwo ń bọ̀ láti kíláàsì kejì: ẹ̀rín, àtẹ́wọ́, bàtà tó ń lu pákó ilẹ̀, àti ohùn ọkùnrin kan tó ń kígbe pé, "Ẹ tún fò! Ẹ tún fò! Ilé ta ló ṣì dúró?"

Hilary mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ta ni ì bá tún mọ̀ ọ́n? Òun ló bẹ̀rẹ̀ eré yẹn nílé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ọmọ á fi sùpàgẹ́tì gbígbẹ àti súìtì rírọ̀ kọ́ ilé alájà mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n á gbé e sórí tábìlì kékeré kan tí Keith ọkọ rẹ̀ fi àwọn táyà kéékèèké àti sípíríǹgì kàn. Hilary á di ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ tábìlì náà mú, á máa mì í, ilé á máa wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ilé wọn bá wó kẹ́yìn ló máa jẹ gbogbo súìtì tó kù. Àwọn tó ti di bàbá ọlọ́mọ ní ìlú Keighley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ṣì máa ń pàdé rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Míìsì, ilé tèmi ló wó kẹ́yìn lọ́dún wa, ṣé ẹ rántí?" Á ní òun rántí. Kì í rántí, àmọ́ inú rẹ̀ máa ń dùn.

Ọ̀pá tábìlì náà wà nínú báàgì rẹ̀ báyìí, lábẹ́ àpò oúnjẹ ọ̀sán. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Nígbà tí Joss Penhallow, olùkọ́ tuntun, wá gbé tábìlì náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò yíká, ó ní, "Hilary, ẹ má bínú, ṣé kò ní nǹkan tí wọ́n fi ń mì ín ni?"

"Ó ti sọnù tipẹ́," ni Hilary wí, kò sì gbójú sókè.

Ó rò pé eré tán nìyẹn. Àṣé ọkùnrin náà á kàn gbé àwọn ilé sùpàgẹ́tì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á ní kí gbogbo kíláàsì bọ́ sí àárín yàrá kí wọ́n máa fò! Hilary yọ ọ̀pá tábìlì, ọkùnrin náà fi pákó ilẹ̀ dípò. Àwọn ọmọ náà wá gbádùn ẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ ò rí i pé ète òjòwú kì í bọ́ sí i fún un.

Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín, owú ló ń jẹ Hilary. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, obìnrin yìí sì ti ń rù láti oṣù kẹsàn-án. Ṣé ẹ mọ̀ pé olùkọ́ méjì ló máa ń pín kíláàsì àgbà láàárín ara wọn, àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò àṣejáde. Ẹnì kan á mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀: àwọn pẹlẹbẹ àpáta ńláńlá abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbún ara wọn, ìmìtìtì ilẹ̀, òkè tó ń yọ iná. Ẹnì kejì á mú ọ̀rọ̀ èèyàn: àwọn orílẹ̀-èdè alágbára, ẹni tó ń pàṣẹ àti ẹni tó ń gbà á. Torí olùkọ́ ò pọ̀ tó, Hilary ló ti ń dá kọ́ méjèèjì láti ọdún gbọ́nhan. Àfi bí ọ̀gá àgbà, Ruth Ashworth, ṣe gba Joss wọlé, tó ní, "Hilary, o ti ṣe tó. Jẹ́ kí Joss mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó ti rí i lójú ara ẹ̀."

Ó ti rí i lójú ara ẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Hilary bí abẹ́rẹ́. Joss wà ní Nepal nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ mì lọ́dún 2015. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó dé tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ fi gbọ́. "Sà wà níbẹ̀ o! Ilé wó lẹ́yìn Sà!" Hilary tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ìmìtìtì ilẹ̀, ilẹ̀ ò mì lábẹ́ òun rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí èyí tó ṣe gúnmọ́ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú ayé rẹ̀, lọ́dún 2008, oorun ló ń sùn. Gbogbo àdúgbò ló jí. Ajá jí. Hilary hanrun títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sì wá ròyìn fún un.

Kò tán síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Barraclough, olórí ẹ̀ka jọ́gíráfì, ń fẹ̀yìn tì ní ọdún Àjíǹde. Èèyàn méjì ló kọ̀wé fún ipò rẹ̀, Hilary àti Joss. Ipò yẹn ni Hilary ti ń fojú sọ́nà fún látìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.

Nílé lálẹ́ ọjọ́ tí tíì dà yẹn, Keith ń da ọbẹ̀ lé páì àti pòtétò gígún. "Kí ló tún ṣe?" ni ó bi í.

"Ó ní kí wọ́n máa fò."

"Wọ́n wá fò?"

"Tíì mi dà."

Keith bú sẹ́rìn-ín. "Ó ṣe tán, ilẹ̀ ti mì fún ìwọ náà nìyẹn. Kú oríire, ìyàwó mi!"

"Kò pa mí lẹ́rìn-ín, Keith."

"Ṣebí mo jí ọ lọ́dún 2008. Mo ní, Hilary, ilé ń mì. O ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lára ẹ." Ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Kí ni ọmọkùnrin yìí tiẹ̀ ṣe fún ẹ gan-an?"

Hilary ronú sí i. Joss máa ń kí i. Ó máa ń po tíì fún un. Ó ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Kò ṣe nǹkan kan," ni ó wí, ó sì ti àwo oúnjẹ síwájú.

Ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí kíláàsì túká, Aqsa Mahmood dúró sẹ́yìn. Ọmọbìnrin yìí, kò sí irú ẹ̀ méjì nínú kíláàsì náà. Ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ló fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, wọ́n sì ti ní àwọn máa gbà á bó bá ti gba Éè nínú jọ́gíráfì. Kò sẹ́ni tó ti lọ yunifásítì rí nílé wọn. Hilary ló kọ́kọ́ rí ìwé rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tó ní, "Ọmọ yìí á gòkè."

"Míìsì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Haiti àti Chile, ọdún kan náà ni ilẹ̀ wọn mì, ti Chile ló sì le jù, ó le jù dáadáa. Kí ló wá dé tó jẹ́ Haiti ni èèyàn ti kú rẹpẹtẹ?"

"Mr Penhallow ò tíì sọ fún yín?"

"Ó ní ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, pé ọ̀dọ̀ yín ló máa ń wà."

Òótọ́ ni Joss sọ. Nínú ìlànà ìdánwò, abẹ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ni ìbéèrè yẹn wà. Ṣùgbọ́n nítorí pé Hilary ló ń kọ́ méjèèjì, ó ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó ti gbé e sábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn alágbára, torí ibẹ̀ ló ti máa ń dùn ún kọ́. Gbogbo ọmọ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ló sì sọ fún Joss. Lọ́dún yìí, tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Hilary fi ìbínú pín in bó ṣe wà nínú ìlànà gẹ́lẹ́. Ohun tí wọ́n bá kọ sábẹ́ ilẹ̀, kí onílẹ̀ lọ kọ́ ọ. Apá yẹn sì já sáàárín àwọn méjèèjì, bí owó ẹyọ tó bọ́ sáàárín ìjókòó ọkọ̀. Joss rò pé ó wà lọ́wọ́ Hilary. Hilary nìkan ló wá mọ̀ báyìí pé kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ìmìtìtì ilẹ̀ kì í ṣe tèmi mọ́ lọ́dún yìí," ni ó wí. "Lọ bi Mr Penhallow."

"Àmọ́ Míìsì, ó ní..."

"Aqsa. Mo ní lọ bi í."

Ọmọ náà lọ. Lọ́jọ́ kejì, Joss yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn Hilary, ó ti wọ kóòtù, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Hilary, ẹ jọ̀ọ́ o. Ọ̀rọ̀ Haiti àti Chile yẹn, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọ, àbí?"

Ẹ wò ó, gbólóhùn kan péré ni ì bá tán an. Rárá, Joss, ìwọ ni. Ṣùgbọ́n ojú Hilary bọ́ sára ẹ̀wù tó wà lábẹ́ kóòtù Joss, tí àwọn ọmọ ti kọ "Ọba Ìmìtìtì" sí i lára fún ọjọ́ ìbí rẹ̀.

"Má da ara ẹ láàmú," ni ó wí.

Kì í ṣe irọ́, ẹ ò rí i? Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́. Joss dúpẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Hilary jókòó, ó sọ fún ara rẹ̀ pé tí ìdánwò ìdánrawò bá dé, tí ọwọ́ tẹ Ọba Ìmìtìtì, Ruth Ashworth á mọ ẹni tí ó yẹ kó fi ṣe olórí ẹ̀ka. Ìdánrawò ni, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, òun á tètè tún un ṣe kí ti gidi tó dé. Bí ó ṣe tan ara rẹ̀ nìyẹn.

Ìdánwò ìdánrawò dé ní oṣù kìíní, yìnyín wà nílẹ̀. Ìbéèrè tó ní máàkì tó pọ̀ jù lọ ni èyí tó ní kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí ìmìtìtì kan fi ń pa èèyàn nílẹ̀ kan ju òmíràn lọ, kí wọ́n sì fi agbára àti ìjọba ibẹ̀ gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló bọ́ sí kòtò. Àwọn kan kọ nípa ilé tó wó lẹ́yìn Sà ní Nepal. Ọ̀kan ya àwòrán ilé sùpàgẹ́tì. Aqsa kọ ojú ìwé kan àbọ̀ nínú ọgbọ́n orí ara rẹ̀, ó fa igi bò ó, ó tún un kọ, ó tún fa igi bò ó. Dì ló gbà.

Àwọn olùkọ́ méjèèjì ló jọ wọ kíláàsì lọ dá ìwé padà. Joss dúró níwájú, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Mi ò kọ́ yín ní apá yẹn. Ó yẹ kí n kọ́ ọ, mi ò wádìí dáadáa. Ẹ̀bi mi ni, ẹ má bínú."

"Àmọ́ Sà," ni Callum, ọmọkùnrin tó máa ń jókòó sẹ́yìn, wí, "ṣebí ẹ ní Míìsì ní..."

"Mo ní ẹ̀bi mi ni, Callum."

Aqsa ò wo Joss. Hilary ló ń wò. Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó gbé nǹkan sílẹ̀ síbì kan, tó padà wá tí kò bá a níbẹ̀ mọ́. Hilary bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé tó ti wà létòlétò.

Ní yàrá àwọn olùkọ́, Joss jókòó ti tíì tó ti tutù. "Mi ò mọ̀ ọ́n kọ́, Hilary. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n kọ́. Ìtàn lèmi ń pa fún wọn."

"Ìwọ tí o ti rí i lójú ara ẹ."

Joss rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú. "Kí ni mo rí? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo wà. Bí ilẹ̀ ṣe mì, mo sáré jáde tèmi ti ṣòkòtò lọ́rùn ẹsẹ̀, ṣòkòtò tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá arúgbó tó gbà mí sílé wà nínú yàrá, ó ń pe orúkọ mi. Mo gbọ́ ọ. Mi ò dúró."

Hilary gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀. "Ó kú?"

"Kò kú. Òun fúnra ẹ̀ ló jáde wá, ó mú ṣòkòtò mi dání. Ó fi lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo àdúgbò, kò sọ nǹkan kan." Joss fọwọ́ pa ojú. "Mi ò sọ apá yẹn fún àwọn ọmọ rí. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí ilé yìí fi wó tí ìyẹn ò wó, mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Wọ́n á wá ní, 'Míìsì ì bá sọ ọ́, Sà.' Lójoojúmọ́ o! Wọ́n ní tábìlì yín yẹn lọ́pàá tẹ́lẹ̀. Ká sọ tòótọ́, mo ń jowú yín."

Hilary wo báàgì rẹ̀ nílẹ̀. Látoṣù kẹsàn-án ló ti ń jẹ ara rẹ̀ run nítorí ọkùnrin tó sáré jáde láìní ṣòkòtò.

Akọ̀wé yọjú, ó ní ọ̀gá àgbà ń pe Hilary.

"Hilary, jókòó," ni Ruth Ashworth wí, ó ti ilẹ̀kùn. "Mi ò ní fọ̀rọ̀ gùn. Joss la ti fẹ́ẹ̀ yàn tẹ́lẹ̀, kí n má purọ́ fún ẹ. Àmọ́ lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, tó sì ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́, mi ò lè fi ẹ̀ka yẹn lé e lọ́wọ́. Tìẹ ni. O ti ṣiṣẹ́ fún un."

Ọ̀rọ̀ tí Hilary ti ń retí láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú náà rèé. Ó dùn, kí n má purọ́. Ó dùn títí dé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti la ẹnu láti dúpẹ́ kí ojú Aqsa tó yọ sí i.

"Ó bi mí," ni ó wí.

"Ta ni?"

"Joss. Ó wá bi mí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Aqsa Mahmood ti kọ́kọ́ bi mí. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn ní apá yẹn. Mo mọ̀ láti oṣù kọkànlá. Mo jẹ́ kí ó rò pé mò ń kọ́ ọ."

Ọ̀gá àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ló dé?"

"Owú ni, Ruth. Kò sí nǹkan míì."

Ruth Ashworth ti ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "O mọ̀ pé mi ò lè fún ẹ mọ́. Mo ti gbọ́ ọ báyìí, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

"Mo mọ̀."

"O ò bá dákẹ́. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀."

"Ọmọ yẹn mọ̀," ni Hilary wí, ó sì dìde.

Ní ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí aago ìparí ti lù, kíláàsì àgbà dúró lọ́dọ̀ Joss fún àfikún ẹ̀kọ́. Hilary kan ilẹ̀kùn, ohun tí kò ṣe rí nílé-ẹ̀kọ́ yẹn. Ó gba iwájú wọn kọjá, ó yọ ọ̀pá kan láti inú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì Joss.

Joss wò ó. "Ẹ ní ó ti sọnù."

"Kò sọnù. Mo tú u kí o má bàa rí i lò ni." Ó kọjú sí àwọn ọmọ. "Ìbéèrè tí gbogbo yín kùnà yẹn, Mr Penhallow ò jẹ̀bi ẹ̀. Ó bi mí bóyá mò ń kọ́ ọ. Aqsa náà bi mí. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́."

"Míìsì," ni Callum wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀ọ́mọ̀. Mo ń jowú rẹ̀. Ẹ forí jì mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Joss ń yí ọ̀pá náà lọ́wọ́. Níta, ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbéra. Hilary dúró síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun máa lọ. Ó ti ń nawọ́ sí báàgì rẹ̀ nígbà tí Aqsa ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tó mọ́, ó mú bírò, ó gbé ojú sókè.

"Míìsì. Ọdún kan náà ni ilẹ̀ Haiti àti ti Chile mì. Ti Chile ló le jù. Kí ló dé tó jẹ́ Haiti ni èèyàn ti kú tó bẹ́ẹ̀?"

Hilary fa àga kan, ó jókòó láàárín wọn.

"Ilẹ̀ ló mì," ni ó wí, "àmọ́ ilé ló pa wọ́n. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó mú kó jẹ́ ilé tí kò lágbára nìkan ni àwọn ará Haiti lè kọ́."